Bí Àṣàbí Ṣe Kọ́ Mi Ní Irun Ṣíṣe: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére Láti Ọ̀dọ̀ Ọkọ Rẹ̀

Ó dìgbà o, Àṣàbí. Ó dìgbà, ìyàwó mi, ìyá Bọ́lá, obìnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe orí ẹlòmíràn lóge. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ńṣe ni mo máa ń na ọwọ́ sí ìyarun kí n tó rántí pé kò sí ẹni tó ń dúró dè mí. Ó dùn mí, Àṣàbí. Ó dùn mí gan-an ni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí a jẹ́ fún àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn, torí gbogbo wọn kọ́ ló mọ̀ wá. Tíṣà ni mí. Sáyẹ́ǹsì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Abẹ́òkúta yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, n kì í sì í rí nǹkan kí n má wá ìdí rẹ̀. Ìwọ ní tìrẹ, onírun ni ọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ sì wà ní Kẹ́mta. Ẹni tí irun rẹ̀ bá ki, tó le, tó ń rí wúruwùru, tí ìyarun ń ṣẹ́ sí i lórí, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n máa ń júwe fún un. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọkọ̀ ní Kútọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ ní Èkó ló máa ń kún ibẹ̀, torí wọ́n fẹ́ kí irun wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, kó sì máa dán títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí.

Èmi náà á gbé ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì wá síbẹ̀, n óò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n irun ni mo máa ń wò. Àdììtú ni lójú mi. O óò gbé kọ́ọ̀mù irin lé orí sítóòfù, o óò fi òrí pa irun náà díẹ̀, o óò fa kọ́ọ̀mù gba inú rẹ̀ kọjá, irun tó ká kókó yóò sì nà tààrà. Mo ní, kí ló dé tó nà? Mo ní, kí ló dé tí òjò fi ń dá a padà sí bó ṣe wà? Lọ́jọ́ kan mo mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wá láti ilé-ìwé, mo fi ń wo orí oníbàárà rẹ kan, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá iná orí ni mo rí. O ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, irun ni mo ń ṣe níbí, kì í ṣe ìdánwò.” O lé mi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni bí o ṣe máa ń mọ ìgbà tí kọ́ọ̀mù gbóná tó. O óò gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ láì jẹ́ kó kàn ọ́, o óò sọ pé ó kù díẹ̀, tàbí pé ó ti pọ̀ jù. N kò rí i kí irun ẹnikẹ́ni jóná lọ́wọ́ rẹ rí. Mo bèèrè bí o ṣe ń mọ̀ ọ́n, o ní ara rẹ ló ń sọ fún ọ. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn nígbà yẹn, torí ara tèmi kò sọ nǹkan kan fún mi.

Lẹ́yìn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ dé. Apá ọ̀tún rẹ kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu rẹ sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ ṣì já gaara. Dókítà kìlọ̀ fún wa pé kí o máa jáde, kí o máa rìn, kí o máa rí èèyàn, pé bí o bá jókòó sílé, ara rẹ yóò gan, ọkàn rẹ yóò sì rẹ̀wẹ̀sì. O kọ̀ jálẹ̀. Irun rẹ ti wú, ó ti ta kókó, ọwọ́ òsì nìkan kò sì lè ṣe é. O ní ojú wo ni ìwọ Ìyá Onírun yóò fi rìn láàárín Kẹ́mta pẹ̀lú orí wúruwùru. Bí àwọn oníbàárà bá wá kí ọ, ìwọ ni o ń rán mi kí n sọ pé o ń sùn. Mo pa irọ́ yẹn títí ó fi sú mi.

Mo ní kí n pe onírun mìíràn wá, o ní o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn rí ọ báyìí. Bọ́lá wá láti Èkó lópin ọ̀sẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kúkú gé e.” Omi kàn ń dà lójú rẹ, ọmọ náà sì kúnlẹ̀ ó ń bẹ̀ ọ́. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹjọ tí o kò tíì fẹsẹ̀ kan ìta, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé inú yàrá yẹn ni n óò ti pàdánù rẹ.

Ni mo bá ní èmi yóò ṣe é. O wò mí, o bú sẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí a ti kúrò ní ọsibítù. O ní, “Ẹ̀yin? Tíṣà tí kò lè so okùn bàtà kó má tú?” Mo ní kí o máa wí, kí n máa ṣe.

Háà, mo jìyà. Mo ki ìyarun bọ ìdí irun, mo fà á, o sì pariwo débi pé aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé. O ní ìsàlẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí irun parí sí, kí n máa tú u díẹ̀díẹ̀ bọ̀ lókè. O kọ́ mi bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, bí a ṣe ń pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, bí a ṣe ń fi òwú dúdú kó o kó lè nà fúnra rẹ̀ kí iná tó kàn án. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. O ní kí n gbé ìwé sílẹ̀, pé ọwọ́ mi ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú kọ́ọ̀mù gbígbóná, mo kánjú. Òde irun ti gbẹ lọ́wọ́ mi, mo rò pé inú náà ti gbẹ. Bí kọ́ọ̀mù ṣe kàn án lápá ọ̀tún, ó dún ṣàà, èéfín gbígbóná sì bo etí rẹ. O kò mira. Èmi ni mo rí i pé etí ń pọ́n, ó sì ń lé ròrò. O ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló dé tí ẹ dúró?” O kò mọ̀ ọ́n lára rárá, Àṣàbí. Mo gbé kọ́ọ̀mù sílẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

O fi ọwọ́ òsì wá orí mi. O ní, “Ó dáa, Tíṣà, kí ni ìdí rẹ̀?” Nínú gbogbo ọdún tí a ti fi wà pọ̀, ìgbà yẹn nìkan ni o bi mí ní irú ìbéèrè yẹn. Mo nu imú mi, mo ṣàlàyé pé omi tó kù nínú irun ló di èéfín, pé omi yìí kan náà ló ń jẹ́ kí irun tó ti nà padà ká. O fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. O wá ní ìdí nìyẹn tí o fi ń bá àwọn oníbàárà jà pé kí wọ́n má wọ inú òjò, pé orí mi ti mọ̀ ọ́n, ó ku ọwọ́. O ní kí n lọ mú òrí wá fún etí náà, kí a sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Jímọ̀ mélòó kan kọjá. Irun náà wá tẹ́, ó ń dán, kò sí ibi tó jóná. Mo gbé dígí síwájú rẹ. O wò ó pẹ́, o ní ẹ̀yìn kò dọ́gba, o sì ní kí n gbé bàtà rẹ wá. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ìwọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ rin àárín ṣọ́ọ̀ṣì ní Aké títí dé ìjókòó rẹ. Àwọn oníbàárà rẹ yí ọ ká lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń bèèrè ẹni tó ṣe irun. O ní o gba ọmọ iṣẹ́ tuntun kan, pé ó ti dàgbà díẹ̀, ó sì máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, inú mi sì dùn dé ibi tí n kò lè sọ.

Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e ni o fi ń jáde, tí o ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, tí o ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ onírun láti orí àga. Ọjọ́ Jímọ̀ ni tiwa. Mo ti fi gbogbo ayé mi bèèrè nípa irun, n kò bèèrè rí ohun tó mú ọ yan iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo wá bèèrè, o ní irun tìrẹ ki púpọ̀ ní kékeré, pé tíṣà kan lé ọ padà sílé títí wọ́n fi fá a. Mo ti lé àwọn ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ padà sílé rí, àìmọye ìgbà, n kò sì bèèrè ìdí kankan. O ní, “Kò sí irun tó burú, Tíṣà. Sùúrù ni kò sí.” Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ nítorí gbogbo wọn, o sì ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní báyìí o ti lọ, wẹ́rẹ́, lójú oorun. Àwọn tó ń tọ́jú òkú ní wíìgì làwọn máa ń dé fún àwọn obìnrin. Mo ní rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ, Ìyá Ìtòkò, ní àwọn obìnrin ilé yóò dì í, pé àwọn ò rí i rí kí ọkọ máa ṣe irun òkú aya rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ọwọ́ mi ni orí yìí ti wà fún ọdún méjì. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní kí n lọ ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ètò ìsìnkú yìí, mo kọ ọ̀rọ̀ mi ṣáájú. Nígbà tí yóò bá fi tẹ̀ yín lọ́wọ́, n óò ti ṣe irun ìyàwó mi tán, ẹ ó sì ti rí i.

Àṣàbí, olóòótọ́ obìnrin, ọ̀gá mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí a fi ṣe é, ìwọ ni o máa ń sọ pé, “Ó tó, Tíṣà, ẹ gbé ọwọ́ kúrò.” Lọ́tẹ̀ yìí n kò mọ ẹni tí yóò sọ ọ́, n kò sì mọ bí n óò ṣe gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ.

N óò rọra ṣe é. Sùn re o, ìyàwó mi.