Ọmọ Ìyá Kan Náà ní Odò Ọ̀kẹ́rẹ́

Ilé Bàbá Alárọ̀ ni ó kẹ́yìn ní àdúgbò wa ní Atosin, kí ènìyàn tó bọ́ sí ọ̀nà oko. Búrẹ́mọ̀ ni orúkọ wọn gan-an, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà díẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí nìkan ni ó ṣì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń pa. Wọ́n máa ń la ọparun wẹ́wẹ́, wọn á fi hun ìgèrè, wọn á sì lọ dẹ ẹ́ sínú Odò Ọ̀kẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyàwó wọn, Ìyá Rísíkàt, á gba ẹja náà, wọn á ká ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọn á yan án, wọn á sì gbé e lọ tà ní ọjà Aládé.

Bàbá kì í ṣe ọmọ odò láti ilẹ̀. Oko kòkó ni bàbá wọn fi sílẹ̀ lọ. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá náà ní, Bàbá Alárọ̀ nìkan sì ni ìyá tiwọn bí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín oko, àwọn ọmọ orogún ìyá wọn fìmọ̀ ṣọ̀kan, wọ́n fún wọn ní ibi tí kò ní igi kòkó kankan, tí ó jẹ́ kìkì òkúta. Nígbà tí Bàbá ní àwọn kò gbà, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà fa àdá yọ. Bàbá máa ń sọ fún wa pé, "Ká ní mo ní ọmọ ìyá kan péré lọ́jọ́ náà, wọn kì bá tí lè lé mi." Bí wọ́n ṣe dé odò nìyẹn.

Odò Ọ̀kẹ́rẹ́ kò gùn. Ó ń sun láti ẹsẹ̀ àpáta, ó ń gba àárín oko kòkó kọjá, lẹ́yìn náà ó já bọ́ láti orí òkúta gíga kan, ó sì lọ pàdé odò ńlá ní ìsàlẹ̀. Ẹja lè bá omi já sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè gun òkúta náà padà.

Ọdún tí mo wà ní Pírámárì Fáìfù, àwọn kan tí a kò mọ̀ da oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí kòkó sínú odò náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n lè rí ẹja kó láìṣe wàhálà. Àrọ̀ ńlá, àrọ̀ kékeré, akàn, ọ̀pọ̀lọ́, gbogbo wọn ni ó léfòó. Àwọn èèyàn náà kó èyí tí wọ́n lè kó, wọ́n sì lọ. Òjò dé, òjò tún lọ, ewé jíjẹrà nìkan ni ìgèrè Bàbá ń gbé bọ̀.

Ìyá Rísíkàt ní, "Bàbá Rísíkàt, ẹ jẹ́ ká yáa máa ta ata."

"Ata kẹ̀? Kí wọ́n wá máa pè mí ní Bàbá Aláta lẹ́yìn tí mo ti darúgbó tán?"

"Ẹni tí kò ní ẹja tí à ń pè ní Alárọ̀ ńkọ́? Ìyẹn ni kò tini lójú?"

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń wí pé àwọn máa dá ẹja padà sínú odò kí àwọn tó kú.

Wọ́n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja ní ọ̀nà Ofosu. Haneefah, ọmọ-ọmọ wọn, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà ní kíláàsì kan náà, bá wọn lọ, òun ni ó sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Tófúnmi ni ó ń bójú tó àwọn ọmọ ẹja níbẹ̀.

Tófúnmi ní, "Bàbá, ìyá mẹ́ta ni ó yé fún wa. Ẹ jẹ́ kí n bù lára ọmọ gbogbo wọn fún yín."

"Èwo ni ó tóbi jù nínú àwọn ìyá náà?"

"Màdáámù yìí ni. Ọwọ́ kan ò lè gbé e."

"Ọmọ tirẹ̀ nìkan ni kí o bù fún mi."

"Tirẹ̀ nìkan? Bàbá wọn náà kan ṣoṣo ni o. Akọ kan ni a là níkùn gba àtọ̀ rẹ̀ fún ẹyin Màdáámù, a sì ti fi í se ọbẹ̀."

"Ó tún wá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kan, bàbá kan. Kò ní sí ìjà."

Tófúnmi bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ fẹ́ pín ogún fún wọn ni?"

"Máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò bí ọ sílé olórogún. Ṣé àrọ̀ kì í jẹ ara wọn ni?"

"Wọ́n máa ń jẹ ara wọn, sà."

"Ọmọ ìyá kì í jẹ ọmọ ìyá. Bù ú kí n máa lọ."

Tófúnmi bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì bá wọn gbé e dé ẹ̀bá títì.

Bàbá ṣe bísímílà, wọ́n sì da ọmọ ẹja náà sí odò. Wọ́n bẹ lèmọ́mù, wọ́n tún wá bẹ wòlíì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí àwọn méjèèjì sọ fún àwọn èèyàn wọn pé kí ẹnikẹ́ni má dẹ nǹkan sínú Ọ̀kẹ́rẹ́ títí ẹja á fi pọ̀. Gbogbo ìlú gbọ́, wọ́n sì gbà. Ọdún àkọ́kọ́ dára púpọ̀. Ẹja náà tóbi. Bàbá á jókòó sórí òkúta, wọn á da gààrí díẹ̀ sójú omi, àwọn àrọ̀ á sì bo ibẹ̀ dúdú.

Bàbá á ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jẹun pọ̀. Kò sí èyí tí ó ń lé èkejì."

Ìgbà tí ẹja wọ̀nyí yé ni ìbànújẹ́ bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹyin náà di funfun, wọn kò sì pa. Nínú èyí tí ó pa, ìrù àwọn kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìwọ̀. Àwọn mìíràn kò ní irùngbọ̀n tí àrọ̀ fi ń wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀. Bí ẹyẹ bá bà lé omi, wọn kì í tètè sá. Bàbá rò pé ẹnì kan tún ti da oògùn sí odò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ṣọ́ etí odò láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kò sí ẹni tí ó wá. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni egbò yọ lára ẹja kan. Kò pẹ́ tí a fi rí egbò lára gbogbo wọn. Ní ayé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí, irú àrùn bẹ́ẹ̀ máa ń pa díẹ̀, ó sì máa ń fi púpọ̀ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣẹ́ ku ọ̀kan ṣoṣo nínú odò náà.

Haneefah bẹ Tíṣà Adésànyà, tí wọ́n ń kọ́ni ní Bàólọ́jì nílé ìwé wa, pé kí wọ́n wá wò ó. Mo tẹ̀ lé wọn. Tíṣà béèrè ibi tí ẹja náà ti wá, Bàbá sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Tíṣà ní, "Bàbá, àwọn ẹja odò ti tẹ́lẹ̀ kò jọ ara wọn nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan lè fara da omi gbígbóná, òmíràn lè fara da omi ìdọ̀tí, òmíràn sì wà tí irú àrùn yìí kò lè mú. Bí ìyọnu bá dé, a máa rí èyí tí yóò yè. Àwọn tí ẹ dà síbẹ̀ jọ ara wọn jù. Ohun tí ó bá pa ọ̀kan, ó ti pa gbogbo wọn."

"Ìrù tí ó tẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Àléébù wà tí ó máa ń fara pamọ́. Bí akọ bá ní in, tí abo náà sì ní in, ara ọmọ ni yóò ti hàn. Ẹ ti da tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pọ̀, kò sì sí àjèjì kankan tí wọ́n lè fẹ́."

Bàbá ní, "Nígbà tí Rísíkàt ń lọ sílé ọkọ, wọ́n ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ lọ yẹ jẹ́nótáìpù wò. Ta ni í yẹ ti ẹja wò?"

"Bí ẹja bá pọ̀, tí ìran wọn sì yàtọ̀, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Èmi ni mo pa wọ́n nìyẹn."

"Ẹ kò mọ̀, Bàbá."

"Tíṣà, mi ò bi yín bóyá mo mọ̀."

Bàbá ní àwọn kò ní ra ẹja kankan sínú odò náà mọ́. Lẹ́yìn náà ni Tíṣà wí pé ó lè jẹ́ pé ìran àwọn àrọ̀ àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ òkúta gíga yẹn, àwọn tí ó bá omi já sílẹ̀ kí oògùn tó dé. Bí a bá rí wọn, a lè gbé wọn gòkè, kí odò tún bẹ̀rẹ̀. Ojú Bàbá là. Wọ́n hun ìgèrè tuntun, wọ́n sì lọ dẹ ẹ́ sísàlẹ̀ òkúta náà. Wọ́n ní kí èmi àti Haneefah máa gbàdúrà, kí oníkálukú gba tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, gbogbo wa lọ síbẹ̀ ní àárọ̀, Ìyá Rísíkàt náà tẹ̀ lé wa. Bàbá fa ìgèrè náà jáde, ó sì wúwo. Ìyá Rísíkàt pariwo ayọ̀. Bàbá da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí koríko. Àrọ̀ ni lóòótọ́. Ìrù gbogbo wọn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi ẹyọ kan tí ó tọ́, kò sì sí irùngbọ̀n lẹ́nu ìyẹn.

Tíṣà kúnlẹ̀, wọ́n ń yí ẹja náà sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n ní, "Àgbàrá ni ó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ kí àrùn tó dé. Oògùn yẹn náà á ti ṣàn dé ibí. Kò jọ pé ti àtijọ́ kù níbí mọ́."

Bàbá ní, "Ṣé kí n dá wọn padà sómi ni, àbí kí n pa wọ́n? Bí mo bá dá wọn padà, irú wọn náà ni wọ́n máa bí. Bí mo bá pa wọ́n, kò ní sí nǹkan kan mọ́."

Tíṣà ní, "Bàbá, mi ò mọ̀."

Àrọ̀ kì í tètè kú lórí ilẹ̀. Ó máa ń wọ́ ara rẹ̀ lọ, bí ó bá gbọ́ òórùn omi. Àwọn wọ̀nyí náà fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n nítorí ìrù wọn, ojú kan náà ni wọ́n ń yí ká, èyí tí ìrù rẹ̀ tọ́ kò sì mọ ibi tí omi wà láìní irùngbọ̀n. Omi kò jìnnà sí wọn rárá. Bàbá jókòó tì wọ́n, ọwọ́ wọn wà lórí itan. Bàbá kò ti ẹja náà sínú omi, wọn kò sì fa àdá yọ.

Ìyá Rísíkàt pe Bàbá pé kí a máa lọ sílé, oòrùn ti mú. Wọn kò dìde. A dúró títí, lẹ́yìn náà ni Tíṣà ní kí èmi àti Haneefah máa bọ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àwọn ẹja yòókù kò mira mọ́, ẹyọ kan ṣì ń yí.