Bí Mo Ṣe Wá Kọ̀ǹpútà Tó Lè Kọ Yorùbá

Ìró pírínítà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ ya, nínú yàrá ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun tí èèyàn ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wò. Iṣẹ́ atẹ̀wé lórí táípúráítà ni mo ṣe ní Ìbàdàn kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní Woolwich, ọ́fíìsì ni mò ń gbá, mo sì ti pinnu pé lọ́jọ́ kan, màá jókòó sídìí tábìlì níbi tí mò ń gbá yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ kọ́ kọ̀ǹpútà.

Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀, ètò ìkọ̀wé inú ọ̀kan kò sì jọ ti èkejì rárá. Ọ̀kan dúdú lójú, lẹ́tà aláwọ̀ ewé ló ń tàn nínú rẹ̀. Àṣẹ ni èèyàn ń fi bọ́tìnnì méjì mẹ́ta pa fún un, tó o bá sì gbàgbé ọ̀kan, ẹ̀yin méjèèjì á kàn máa wo ara yín ni. Èkejì funfun bí ìwé, ó ní máòsì, ó sì ń fi bí iṣẹ́ ṣe máa rí hàn kó tó jáde. Tísà wa, obìnrin òyìnbó onísùúrù kan, sọ pé oríṣi kan ṣoṣo ni wọ́n máa lò láti sáà tó ń bọ̀, ó ní ká dán méjèèjì wò ká sọ èyí tó dáa jù. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo ní kí wọ́n gbé dúdú yẹn sọnù. Mo ti lọ fi funfun yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é.

Lákòókò yẹn, ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa ní Barnfield, ó wá bá wa tọ́jú ọmọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nọ́ọ̀sì kan tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí mò ń pè ní Auntie, kọ ìtọ́ni nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn àgbàlagbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kílíníìkì rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ funfun ni mo lò. Ó ní àmì orí lẹ́tà díẹ̀ tí àwọn Faransé ń lò, ṣùgbọ́n kò ní àmì ìsàlẹ̀ rárá. Auntie ní kí n tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà. Ìwé náà jáde, ó rẹwà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òòyì kọ́ ìyá ọkọ mi nínú kíṣìnì, ó sì ṣubú. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò fara pa púpọ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè oògùn, ó ní òun ti dá a dúró. Mo ní, "Mama, ta ló ní kẹ́ ẹ dá a dúró?"

Ó nawọ́ sí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì. "Ìwọ náà kúkú ni, ìyàwó mi. Òun nìyí: ẹ máa fi í sílẹ̀ tí ara bá ti yá. Ara mi sì ti yá."

Ohun tí Auntie kọ ni pé ẹ má fi í sílẹ̀ tí ara bá ti yá. Ṣùgbọ́n "ma" ló wà lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe máa ń kọ "máa" nínú lẹ́tà nígbà tí ìyá ọkọ mi ń kọ́ ìwé kíkà.

Auntie kó gbogbo ìwé náà kúrò ní kílíníìkì. A fi bírò sàmì sí òmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà gbé àwọn àmì kan, ó fo àwọn kan. Mo wá sọ fún ara mi pé bí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe é bá wà ní Thamesmead, màá rí i.

Mo pa dà sídìí funfun. Bí mo bá tẹ "o", tí mo pa dà sẹ́yìn láti fi àmì sí i, ńṣe ló máa ń pa "o" náà rẹ́. Mo wá rántí pé lórí táípúráítà ní Ìbàdàn, ńṣe la máa ń pa dà sórí lẹ́tà, a ó yí ìwé sókè díẹ̀, a ó sì fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Mo bi tísà bóyá dúdú mọ bí wọ́n ṣe ń pa dà sẹ́yìn láìpa nǹkan rẹ́. Kò mọ̀. Àwa méjèèjì ṣí ìwé ìtọ́ni rẹ̀ tó nípọn, a sì rí àṣẹ kan níbẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà kò fi nǹkan gidi hàn, pàǹtírí lẹ́tà lásán ni, àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó mọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àmì náà ń bọ́ sínú ikùn "o", ó ń dà bí ojú ẹja. Mi ò jáwọ́, tísà náà ò sì jáwọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "ẹ̀jẹ̀" jáde pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Tísà gbé ìwé náà síbi fèrèsé, ó bi mí bóyá ó ti pé. Mo ní ó pé.

Nígbà tí ọjọ́ ìpinnu dé, mo dìde, mo sọ pé mo ti yí ọ̀rọ̀ mi pa dà, dúdú ni mo fẹ́. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Funfun ni wọ́n mú, nítorí òun ni àwọn ọ́fíìsì ń béèrè, n kò sì lè bá wọn jiyàn. Mo kàn ní tí wọn ò bá fẹ́ dúdú mọ́, kí wọ́n fún mi ní ọ̀kan àti pírínítà rẹ̀. Tísà bá mi bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì gbà. Èmi àti ọkọ mi gbé e wọ bọ́ọ̀sì, a gbé e gun òkè Barnfield, ọkọ mi gbá ojú kọ̀ǹpútà náà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Ìwé tuntun jáde. Ìyá ọkọ mi wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á sókè níwájú Auntie láìkọsẹ̀. Ó wá gbójú sókè. "Ṣé kí n máa lò ó lọ báyìí ni?"

Auntie ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"Ó dáa. Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látìgbà yẹn."

Ó lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi náà rí ọ́fíìsì jókòó sí, ètò funfun ni mo sì fi jẹun níbẹ̀. Àmọ́ ìwé Yorùbá táwọn kílíníìkì mìíràn wá ń béèrè, inú yàrá wa ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, lórí dúdú, títí ẹ̀rọ náà fi kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Lóde òní, gbogbo àmì yẹn ló wà lórí fóònù. Èèyàn kàn máa tẹ lẹ́tà, kó má tètè gbọ́wọ́ kúrò. Ọmọbìnrin mi máa ń wò mí nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá ń fèsì fún àwọn ará ilé, á ní, "Mummy, wọ́n máa understand, just send it." Mo máa ń ní kó ṣe sùúrù fún mi, ó ku lẹ́tà kan.