Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Bí Wọ́n Bá Tẹ̀ Ẹ́

Àbúrò mi obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ̀sọ̀ kì í tètè dáhùn ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń fi iná rìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú, ó fi ọkọ̀ elépo sílẹ̀ fún àwọn yòókù, ó lọ kọ́ ti tuntun. Ọ̀gá Ariwo, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, fi í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀sọ̀, ọkọ̀ tí kì í hó, tí kì í rú èéfín, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá?"

"Bí ọmọ ọwọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá gbé e ló máa mọ̀."

Opó awakọ̀ kan wà tó ń fi ọkọ̀ iná gbé àwọn aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, tó sì ń gbé wọn padà sílé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wọ ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀sọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò sùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Ọkọ̀ mi ń gbọ̀n. Màmá àgbà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìbàdí figbe ta lẹ́yìn mi lánàá. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀ nílé ìwòsàn ní bí ìgbọ̀n yìí kò bá lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, òun á gbé iṣẹ́ mi fún ẹlòmíì."

"Ìgbà wo ló máa ń gbọ̀n?"

"Bí mo bá ti fẹsẹ̀ tẹ tọrótù kí ọkọ̀ sáré báyìí ni. Wọ́n ti bá mi wo táyà, wọ́n ní kò sí nǹkan."

Ẹ̀sọ̀ nu ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́. Ó tẹ ọkọ̀ náà láti ojú kan. Ìjókòó gbọ̀n, ilẹ̀kùn gbọ̀n, dígí òkè orí ń jó. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò: ọkọ̀ parọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ eré rẹ̀ kò tíì dín. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ìgbọ̀n tún dé.

"Táyà kọ́. Táyà tó bá ṣàìsàn kò mọ̀ bóyá o tẹ̀ ẹ́ tàbí o kò tẹ̀ ẹ́. Eré nìkan ló mọ̀. Ìgbà tí agbára bá ń kọjá ni èyí ń gbọ̀n. Ojú ọ̀nà agbára ni ká wá a sí."

Ọ̀nà náà kò gùn. Ẹ̀rọ iná wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀pá irin tí wọ́n ń pè ní ṣáàfù jáde sí ọ̀tún àti sí òsì rẹ̀, àwọn ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣáàfù kọ̀ọ̀kan ní oríkèé, bí orúnkún, kó lè tẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun gegele. Ẹ̀sọ̀ kọ́kọ́ fi irin mi àwọn rọ́bà tí ẹ̀rọ jókòó lé, wọ́n le. Ó wá tú ṣáàfù. Nínú oríkèé tó sún mọ́ ẹ̀rọ, irin ti jẹ irin, ojú rẹ̀ ti ṣe gbágungbàgun. Ó fi tuntun sí ọ̀tún àti òsì, ó gbé ọkọ̀ jáde.

Ìgbọ̀n dín kù. Kò lọ.

Ọ̀gá Ariwo ti ń wò wọ́n láti òdìkejì títì. "Ẹ̀sọ̀! Ọmọ ọwọ́ yẹn ṣì ń ké o! Ṣé kí n wá bá ọ pọ̀n ọ́n?"

Awakọ̀ náà jókòó sórí táyà kan, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí ò yé mi. Lọ́jọ́ tí mo gbé bàbá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn sìgbọnlẹ̀, kò gbọ̀n rárá. Mo ní àdúrà wọn ló ń ṣiṣẹ́."

Ẹ̀sọ̀ yíjú sí i. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ẹ̀sọ̀ sọdá títì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá pọ̀n ọ́n lóòótọ́. Ẹ mú àwọn ọ̀rẹ́ yín dání."

Àwọn ọkùnrin náà há ara wọn mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn, Ọ̀gá Ariwo ló wà láàárín. Ẹ̀sọ̀ tẹ tọrótù. Ọkọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n wọlé padà, ó dákẹ́.

"Ọ̀gá, ikùn yín lòògùn ẹ̀," ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà wí. "Ẹ máa bá obìnrin yìí lọ sí ọsibítù lójoojúmọ́."

Ẹ̀sọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti na ara sílẹ̀, ó ń wo abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ṣáàfù ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ wá sí ọ̀dọ̀ táyà bí òrùlé ilé. Ó mọ ẹni tó ṣe é. Nígbà òjò tó kọjá, awakọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kòtò ń họ abẹ́ ọkọ̀ òun, Ẹ̀sọ̀ fúnra rẹ̀ sì fi sipíríǹgì gíga, irin kíká tó ń gbé ọkọ̀ ró, gbé e sókè, bí gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò ti ń ṣe fún ọkọ̀ elépo. Agbára ọkọ̀ elépo a máa wá díẹ̀díẹ̀, oríkèé rẹ̀ lè fara dà á. Ti ọkọ̀ iná kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ náà ni gbogbo rẹ̀ já lu oríkèé tó ti tẹ̀ kọjá ààlà. Èrò tó pọ̀ lẹ́yìn tẹ ọkọ̀ wálẹ̀, ṣáàfù na tán, ìgbọ̀n sì lọ.

Ó dìde lójú gbogbo wọn. "Ọwọ́ mi ló ṣe é. Gíga tí mo gbé e ló ń jẹ oríkèé rẹ̀. Má bínú, àbúrò mi."

Ọ̀gá Ariwo fọwọ́ lérí. "Yéè! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú ẹ̀ kan sókè ni!"

Òun gan-an ló bá Ẹ̀sọ̀ di irin mú tí wọ́n fi dá sipíríǹgì àkọ́kọ́ padà sí àyè rẹ̀.

Ọ̀gá ọkọ̀ ilé ìwòsàn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wakọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, Ẹ̀sọ̀ àti awakọ̀ jókòó lẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé. Ó tẹ tọrótù mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ gun òkè náà bí ẹní ń yọ̀ lórí òróró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún.

"Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?"

"Èmi ni mo bà á jẹ́, sà," ni Ẹ̀sọ̀ wí. "Èmi náà ni mo tún un ṣe."

Ọkùnrin náà wo ojú Ẹ̀sọ̀ nínú dígí, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú sí awakọ̀. "Iṣẹ́ yín ṣì wà lọ́wọ́ yín, ìyá. Màmá oníbàdí yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbé lọ́la."

Awakọ̀ pariwo, ó gbá Ẹ̀sọ̀ mọ́ra. Àbúrò mi tí kì í gbóhùn sókè náà sì pariwo.

Lọ́jọ́ kejì awakọ̀ náà lọ gbé màmá. Kòtò kọ̀ọ̀kan ló ń yà fún; ibi tí ọ̀nà bá ti dán, á tẹ tọrótù. Nígbà tí wọ́n dúró, màmá kàn án léjìká láti ẹ̀yìn.

"Ọmọ mi, kí là ń dúró dè tí a ò tíì gbéra?"

"Màmá, ọsibítù rèé. A ti dé."