Ẹsẹ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ̀ Láti Tú

Ìparí ọdún tó kọjá la sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí abúlé wa kì í wá sí mi lọ́kàn. Àárín Ìwó àti Olúpọ̀nnà ló wà, ilé ibẹ̀ ò pọ̀. Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó gbé ibẹ̀, títí dórí orúkọ ajá wọn, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́ síbí. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà láyé, a sì jọ ń kí ara wa.

Ìyá wa ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì lọ sílé ọkọ, ló ń ṣe ìyá fún mi. N kì í sọ "ẹ" sí i. Òun ló kọ̀ ọ́, ó ní ẹni tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan, tó ń fi ẹsẹ̀ ta òun ní ìpákọ́, ọ̀wọ̀ wo ló kù níbẹ̀? Bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, àwa àti bàbá wa á rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ní Ìwó. A ó ru bàtà wa lérí títí dé odò ẹnu ìlú, a ó fọ ẹsẹ̀ níbẹ̀ ká tó wọ̀ ọ́. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì kì í tẹ ẹrẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi láyà. Bó bá ti ní òun ò ṣe nǹkan, ó parí. Bàbá wa máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ẹ, kó kọ́kọ́ wá gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn.

Ìgbà tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi náà wà nílé-ìwé nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò kọjá ìwé kẹta. Ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. A ń rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, a ń rí eegun tí nǹkan ti fọ́ jẹ. Àwọn èèyàn ní ìkookò ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní kì í ṣe ìkookò lásán, pé èèyàn ló ń para dà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé bí a bá ṣe irú ẹranko bẹ́ẹ̀ léṣe, ibi tí ọgbẹ́ ti bà á la ó ti rí i lára ẹni náà bílẹ̀ bá mọ́. Àbúrò baálẹ̀, tó jẹ́ ọdẹ, wá dẹ tàkúté onírin sẹ́yìn ọgbà ewúrẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tàkúté ti ré, ẹ̀jẹ̀ àti irun wà lẹ́nu rẹ̀, ẹranko ti já lọ. Ọdẹ ní ẹsẹ̀ ló mú.

Ẹ̀gbọ́n mi sì ń tiro. Ní àná ọjọ́ náà, níbi tó ti ń kọ ebè, ọkọ́ yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣá a lẹ́sẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Èmi ni mo fún ewé sí i kó tó fi àjákù ìró wé e. Mo sọ ọ́ fáwọn èèyàn. Wọ́n ní ọmọ tó ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló tún fẹ́ sọ?

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè wá. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi tú aṣọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí àwọn àgbà wò ó. Bí kò bá tú u, kí bàbá wa mú un lọ bá ẹbí ìyá wa ní Ilé-Ogbó kí ọjọ́ ọjà tó pé, kí abúlé lè rí oorun sùn. Bàbá wa ní kó tú u. Èmi ń sunkún, mò ń fà á ní ìró pé kó tú u, torí bó bá lọ, èmi nìkan ni màá kù pẹ̀lú bàbá tí kì í sọ̀rọ̀ tó pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí baálẹ̀ dáadáa. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti sọ ọ́:

"Bàbá, bí mo bá tú aṣọ ẹsẹ̀ lónìí, tí ewúrẹ́ mìíràn bá sọnù lọ́la, ẹ ó ní kí n tú ìró. Mi ò tú u."

Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin ò bá a pọnmi mọ́. Bó bá dódò, wọ́n á sún sẹ́yìn. Ìyàwó baálẹ̀ á ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kọ́kọ́ pọn tirẹ̀, kó má gbé wa jẹ." Ẹ̀gbọ́n mi á bọ́ síwájú. Á kàn máa rọra ṣan agbè rẹ̀, á tún un ṣan, àwọn á sì dúró nínú oòrùn pẹ̀lú òṣùká lórí.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ọjọ́ ọjà pé, a wà lóko, ó ń sunṣu fún mi. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn igún tí ń yí po lókè igbó ọ̀pẹ, nísàlẹ̀ odò. Ó ní ẹranko tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́ kò lè jìnnà sómi. Ó mú àdá, mo mú okùn. Ìkookò la bá níbẹ̀, òkú rẹ̀ ti ń rùn, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ wú, ojú eyín tàkúté hàn lára rẹ̀ kedere. Mo ní ká lọ pe bàbá. Ó ní rárá, bí àwọn ará abúlé bá kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n á ní àwọn ló rí i. Ó so ó lọ́rùn, ó ń wọ́ ọ lọ, ó ń tiro, èmi ń fi ewé lé eṣinṣin lẹ́yìn. Lọ́sàn-án gangan la gba àárín abúlé kọjá, ó di iwájú ilé baálẹ̀. Ọdẹ gbé tàkúté rẹ̀ wá, ó fi eyín tàkúté náà wọn ojú ọgbẹ́. Ó bá a mu.

Baálẹ̀ wo ìkookò náà, wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Wá tú aṣọ yẹn wàyí, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀."

"Ọkàn tèmi ti balẹ̀, bàbá."

Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó kọrí sílé. Mo rí bàbá wa tí wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, èjìká wọn ń mì.

Lábúlé wa, àgbà kì í fẹnu bẹ ọmọdé. Bó bá ṣẹ̀ ẹ́, omi ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n á pọn ọ́n wá láàárọ̀, wọ́n á dà á sínú àmù onítọ̀hún láìsọ nǹkan kan. Bó bá fi omi náà dáná, ó ti gbà nìyẹn. Bó bá dà á nù, ìjà ṣì kù. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyàwó baálẹ̀ fúnra wọn ló gbé omi wọlé, wọ́n ń mí helehele, wọ́n dà á sínú ọ̀kan nínú àmù wa méjèèjì. Mò ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó bu omi náà, ó gbé e kaná fún ẹ̀kọ. Ìyàwó baálẹ̀ mí kanlẹ̀, wọ́n yíjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ṣé o, ìyá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ó ku àmù kejì."

Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé agbè wọn padà sódò. Ẹ̀gbọ́n mi ń po ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ ọjà ti pé, kò sì sẹ́ni tó ń lọ Ilé-Ogbó.