Àmì Pẹ́ńsù Lára Ògiri

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ọkàn Bàbá Apọ́nbẹ kò ti lélẹ̀, pẹpẹ onígi lásán-làsàn ló sì fà á. Ọdún méjìlélógún ni ẹ̀rọ tó fi ń pọ́n ọ̀bẹ ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí òun sì ń tẹ̀ba lórí àpótí kékeré nídìí rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Lóṣù tó kọjá, ó jókòó, kò lè dìde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ àti alápatà kan tó wá gba ọ̀bẹ ni wọ́n jọ gbé e. Ọjọ́ náà ló mọ̀ pé bí òun kò bá rí nǹkan gbé ẹ̀rọ náà lé, kí òun lè máa dúró ṣiṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù máa tì ni. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Igi kan ṣoṣo ló wà nílé, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà fi sílẹ̀ kó tó kú. Ẹsẹ̀ pẹpẹ mẹ́rin péré ló máa mú jáde. Igi tí a bá sì gé kúrú, kò ṣeé fà gùn. Nítorí náà ni Bàbá Apọ́nbẹ ṣe ń yàwòrán sórí páálí, tó ń pa á rẹ́. Á dìde nídìí oúnjẹ, á mú tépù, á dúró ti ògiri, á fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi ìgúnpá rẹ̀, torí ibẹ̀ ló fẹ́ kí orí ẹ̀rọ dé. Á wọ̀n ọ́n báyìí, á jẹ́ ínṣì méjìlélógójì; á tún un wọ̀n, á di mọ́kàndínlógójì. Ó bú tépù. Ó ra òmíràn. Ìyẹn náà tún ń parọ́.

“Bàbá wa,” ìyàwó rẹ̀ ní, “ìgbà wo lẹ máa gé igi yìí?”

“Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.”

“Ẹ ti wò ó títí, ojú ti ń ti igi.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde, ó tún wọlé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin náà bá a níbi tó ti ń fa ìlà mìíràn, ọwọ́ kan níbàdí. Ó wo ògiri. Àwọn ìlà kan ṣù jọ lókè, àwọn kan ṣù jọ nísàlẹ̀.

“Èwo lẹ fà láàárọ̀?”

Ó nàka sókè.

“Tìsinsìnyí ńkọ́?”

Ìsàlẹ̀ ni.

“Tépù ò parọ́,” ìyàwó rẹ̀ ní. “Tó bá ti dìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn yín á ti tẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

“Ṣé mo ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀ ni?”

“Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó yíjú sí àwọn ìlà náà. “Èwo wá ni kí n gé e sí?”

“Tìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀yìn máa ń dùn yín jù.”

Ó mú ayùn. Ìyàwó rẹ̀ di ìdí igi mú fún un.

Ní ọjọ́ kẹta, oòrùn ti ń wọ̀, Bàbá Apọ́nbẹ ṣì wà lórí ìdúró nídìí ẹ̀rọ tó ti wà lórí pẹpẹ, ó ń pọ́n ọ̀bẹ alápatà. Ìyàwó rẹ̀ mú àkísà tútù, ó ń nu ògiri. Nígbà tó dé ìlà tó ga jù, ọkọ rẹ̀ pa ẹ̀rọ.

“Fi ìyẹn sílẹ̀,” ló wí. “Èmi náà nìyẹn.”