Orúkọ Mùktárù Nínú Ìwé Ilé-iṣẹ́ Ọ̀dà

Àṣìṣe kékeré ni Mobọ́lá kọ́kọ́ ṣe: ó kọ orúkọ òkú sínú ìwé àwọn tó wá sípàdé.

Kò ní èrò ibi lọ́kàn. Aránṣọ ni, òun sì ni akọ̀wé àdúgbò wa ní Ìpọ̀nrí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, kì í sì í gbàgbé àmì ohùn. Ní oṣù kẹfà, ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan níhà Iganmu pe ìpàdé gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn. Omi ìdọ̀tí wọn ń gba kánáàlì ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, kànga wa sì ti ń rùn bí ọ̀dà láti bí ọdún méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ tẹnu wa kí àwọn tó pinnu bóyá àwọn yóò máa sẹ́ omi náà kí ó mọ́ kí àwọn tó dà á jáde.

Ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ni wọ́n ń fún ní àpò ìrẹsì kékeré. Àṣà àdúgbò wa sì ni pé a kì í jẹ́ kí ìpín ẹni tí kò lè wá ṣègbé. Aládùúgbò rẹ̀ á bá a kọ orúkọ. Àṣàbí, ìyá Rilwan, ń ṣe opó nígbà náà, kò lè jáde. Orúkọ baálé la sì fi ń mọ ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àdúgbò. Nítorí náà Mobọ́lá kọ "Mùktárù Àjàdí", ó fọwọ́ sí i, ó gbé ìrẹsì lọ fún opó. Mùktárù, ọkọ Àṣàbí, ti kú láti oṣù kẹta.

Ní oṣù kẹwàá, Abigail, òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ń rán sí wa, mú ìwé kan tó ń dán wá fún Mobọ́lá. Ó ní òun yóò kà á níwájú gbogbo wa ní Sátidé. Mobọ́lá ṣí i nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, lábẹ́ àkọlé pé a gbà pé omi wọn kò pa wá lára. Ní òkè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà: "Omi kànga wa mọ́ gaara. A dúpẹ́. Mùktárù Àjàdí."

Mùktárù! Ọkùnrin tó ń gbé ìgò omi kànga yẹn lọ sẹ́nu géètì wọn ní gbogbo ọjọ́ Ajé títí ó fi kú!

Mobọ́lá sáré tọ Àṣàbí lọ, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Àṣàbí tẹjú mọ́ ìwé náà.

"Mobọ́lá, ìgbà wo ni ọkọ mi jí?"

"Ìyá Rilwan, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó jí, kò yà kí mi. Iganmu ló gbà lọ, ó ń dúpẹ́ kiri." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀. Lọ yọ ọ́."

"Tí mo bá sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n á ní olè ìrẹsì ni wá."

"Ìrẹsì náà, omi wo la fi sè é?"

Ní Sátidé, nígbà tí Abigail kà dé orúkọ náà, Mobọ́lá dìde.

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ bá Bàbá Rilwan sọ̀rọ̀?"

"Níbi ìpàdé yẹn náà ni, mà. Wọ́n fọwọ́ sí i."

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ti lo oṣù mẹ́ta nínú sàréè kí ẹ tó pèpàdé."

Abigail tún orúkọ náà wò nínú ìwé. Taoheed tó ń lẹ táyà dìde lẹ́yìn.

"Kí n má purọ́, ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo kọ. Wọn ò tiẹ̀ mọ ọ̀nà Ìpọ̀nrí."

"Ẹ wo ọ̀kánjúà! Abájọ tó fi gbé àpò méjì!" ẹnì kan ké láàárín èrò.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ orúkọ tí wọ́n bá ẹlòmíì kọ, títí ó fi ku orúkọ mọ́kàndínlógún. Àwa mọ́kàndínlógún wá síbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà pé omi mọ́. Ìwé ìrẹsì la rò pé a fọwọ́ sí. Èmi náà kò kà á, èmi tó ń bá ọmọ wí pé kò ka ìbéèrè kó tó dáhùn.

Ilé-iṣẹ́ náà mú ìwé náà padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn òṣìṣẹ́ kan wá bu omi kànga sínú ìgò. A ṣì ń retí èsì. Ìrẹsì kò wá mọ́, àwọn kan kò sì dárí ji Mobọ́lá. Wọ́n kó aṣọ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó kó kúrò ní Ìpọ̀nrí ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e. Ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá la gbọ́ kẹ́yìn pé ó wà, ó ń rán aṣọ ọmọ ilé-ìwé.