Abuja tí Bàbá Mi Mọ̀

Ẹ̀wà ni mo ń ṣà lọ́wọ́ nílé wa ní Lokogoma, lọ́jọ́ kejì tí bàbá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, nígbà tí ó bi mí pé ìgbà wo la máa lọ sí Abuja.

Mo ní, “Bàbá, Abuja la wà yìí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin tí ẹ dé lánàá! Mo ti ta obì ní Abuja kí ẹnikẹ́ni tó to búlọ́ọ̀kù kan síbi tí o jókòó sí yìí.”

Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wò mí. A rò pé ogbó ló ń bá a sọ̀rọ̀. Èmi tí mo mọ ọ̀nà Kabusa àti Kugbo bí ẹni mowó, n kò mọ̀ pé orúkọ ìlú tí mò ń gbé, orúkọ ìlú mìíràn ni. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Gbagyi, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló là wá lọ́yẹ. Ó ní òótọ́ ni Bàbá ń sọ: ìlú àtijọ́ kan ló ń jẹ́ Abuja, nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ olú-ìlú tuntun, wọ́n gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú náà sì di Suleja. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni bàbá mi fẹ́ fojú kàn níbẹ̀, télọ̀ kan tó gbà á sílé nígbà ọ̀dọ́, tó sì tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ibà gbé e ṣánlẹ̀. Bàbá mi ti ṣèlérí fún un pé òun yóò padà wá. Ìyàwó dé, ọmọ dé, kò sì lè wá mọ́. Àwọn àgbà kúkú ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ó ra obì àbàtà, ó fi ewé dì í, a sì lọ.

Ní Suleja, mọ́sáláṣí ni a ti bèèrè, wọ́n sì mú wa délé náà. Ọmọbìnrin télọ̀ náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti ń hewú, ló jáde wá. “Sànnu, Baba,” ó kí bàbá mi. Hausa ni wọ́n ń sọ, bàbá mi sì ń túmọ̀ fún mi. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ti kú. Ó ní wọ́n sin ín dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ewé ara obì náà, ó sì tún ń dì í padà.

Bàbá mi náà ti di olóògbé báyìí. Lọ́jọ́ náà, bí a ṣe fẹ́ wọkọ̀ padà, obìnrin náà di ọwọ́ mi mú. Bàbá mi kò túmọ̀ èyí tó sọ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ Hausa ọjà díẹ̀, ó sì yé mi:

“Láti ìgbà tí wọ́n ti yí orúkọ ìlú wa padà ni bàbá wa ti máa ń lọ jókòó ní gáréèjì. Ó ní bí ọ̀rẹ́ òun bá ń bọ̀, Abuja ni yóò sọ fún awakọ̀, wọn yóò sì gbé e kọjá wa.”